Ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò 🧵

1. Ẹ ń bi mí nínú DM: ṣé asẹ́ kọfí alámọ̀ tí wọ́n fọwọ́ mọ tó owó tí wọ́n ń pè é? Èyí tí à ń gbé lé orí kọ́ọ̀bù, tí à ń da omi gbígbóná sí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pìtàn díẹ̀.

2. Dresden, ní Jámánì, lọ́dún 1908. Kọfí ìgbà yẹn máa ń korò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á tún há sí èèyàn léyín. Ó sú Melitta Bentz. Ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí ìkòkò idẹ, ó já bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbẹ yíǹkì nílé ìwé, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó da kọfí àti omi gbígbóná lé e. Ó jò wálẹ̀ tónítóní! Lọ́dún yẹn náà ló forúkọ iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára bébà kọfí dòní.

3. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ náà ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́. Àmọ́ wàhálà kan ló wá yanjú.

4. Ọgbọ́n yìí ò ṣàjèjì sí wa o. Àwọn ìyá aláró wa máa ń gbé ìkòkò kan lé orí èkejì. Ti òkè nihò nídìí. Wọ́n á kó eérú sí i, wọ́n á da omi lé e, omi eérú á máa kán sínú ti ìsàlẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń po aró. Bí ìkòkò ò bá kán dáadáa, ta ló fẹ́ gbọ́ pé ó rẹwà?

5. Amọ̀ máa ń súnkì bó bá gbẹ, á tún súnkì nínú iná. Ihò tí amọ̀kòkò lu kọ́ ni ihò tẹ́ ẹ máa rà. Ohun tó ń mú kó dán náà lè dí i.

6. Torí náà, ẹ mú bébà yín dání. Ṣé ó bá inú asẹ́ náà mu? Ṣé ìlà wà nínú rẹ̀ tí ò ní jẹ́ kí bébà lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá? V60 ti Hario ní ihò ńlá kan: ọwọ́ yín ló máa darí omi. Kalita Wave ní kéékèèké mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ń dá omi dúró díẹ̀. Èwo ni ti amọ̀kòkò yín jọ?

7. Mi ò ní kí iṣẹ́ ọwọ́ má wọ́n o. Ó yẹ kó lówó lórí. Ṣùgbọ́n amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ da omi sí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó.