Ilẹ̀kùn Kan Tí A Tì Lẹ́ẹ̀mejì: Amẹ́ríkà àti Àwọn Alágbàṣe Ará Jàpáànì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ìtàn bí Amẹ́ríkà ṣe dí ọ̀nà mọ́ àwọn alágbàṣe ará Jàpáànì jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀sọ̀ ti ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi agbára tì í.

Láti ọdún 1882 ni òfin Amẹ́ríkà ti dá àwọn alágbàṣe ará Ṣáínà padà. Lẹ́yìn wọn, àwọn ará Jàpáànì ń pọ̀ sí i nínú oko ìrèké ní Hawaii, àti lẹ́nu iṣẹ́ oko àti ti ojú irin ní Kalifọ́níà. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ń kùn pé owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn àlejò wọ̀nyí ń gbà ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1906, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ilé-ìwé ní San Francisco pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Jàpáànì lọ sí ilé-ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Éṣíà. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ju 93 lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọdún 1905 ni Jàpáànì ṣẹ́gun Rọ́ṣíà. Kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ààrẹ Theodore Roosevelt bu ẹnu àtẹ́ lu àṣẹ náà, ó pe àwọn aláṣẹ ìlú náà sí Washington ní oṣù kejì ọdún 1907, wọ́n sì gbà láti yí i padà. Ní oṣù kẹta, ó dí ọ̀nà tí àwọn alágbàṣe ń gbà láti Hawaii, Mẹ́síkò àti Kánádà wọlé. Lẹ́yìn èyí, ìjọba méjèèjì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1908. Jàpáànì ṣèlérí pé òun fúnra òun kò ní fún alágbàṣe ní ìwé ìrìnnà sí Amẹ́ríkà mọ́. Bí a bá fún àdéhùn yìí ní orúkọ Yorùbá, Àdéhùn Àwọn Ọmọlúàbí ni à bá pè é. Kì í ṣe òfin; iyì ni wọ́n fi ṣe onídùúró rẹ̀.

Àdéhùn náà fi àyè sílẹ̀ fún ìyàwó, òbí àti ọmọ àwọn tí ó ti wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe di ìyàwó ọkùnrin tí wọ́n mọ̀ nínú fọ́tò nìkan, tí wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Nígbà tí ariwo pọ̀, Jàpáànì dá èyí náà dúró ní ọdún 1920. Ní oṣù kẹfà ọdún 1908, ọkọ̀ Kasato Maru ti gbé 781 ènìyàn gúnlẹ̀ sí Santos ní Bràsíìlì, láti ṣiṣẹ́ nínú oko kọfí, ogún ọdún péré lẹ́yìn tí a fòpin sí ìfiniṣẹrú níbẹ̀.

Ní ọdún 1924, Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà kò fẹ́ àdéhùn mọ́. Wọ́n gbé òfin kalẹ̀ pé ẹni tí kò lè di ọmọ Amẹ́ríkà kò lè wá tẹ̀dó síbẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ Jàpáànì, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti pinnu ní ọdún 1922 pé ará Jàpáànì wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Aṣojú Jàpáànì, Hanihara Masanao, kọ̀wé pé àbájáde rẹ̀ yóò wúwo. Àwọn aṣòfin ní ó ń halẹ̀ mọ́ wọn ni, òfin náà sì wọlé. Ojú ti Jàpáànì, inú sì bí i. Ọdún 1952, lẹ́yìn ogun ńlá, ni a tó tún ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀, fún ènìyàn 185 lọ́dún.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù fún ìjíròrò. Ẹ̀sọ̀ tí a fi ti ilẹ̀kùn ní 1908 bo àṣírí ìjọba méjèèjì. Ṣùgbọ́n alágbàṣe tí ó dúró ní èbúté tí kò rí ìwé ìrìnnà gbà, ta ni ó bi í léèrè?