Ọwọ́ Tó Ṣe É Ní Orúkọ: Ìtàn Kíkó Iṣẹ́ Ọnà Jọ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ilẹ̀ Ìdáàṣà

Àwọn àgbà ní, bí a kò bá bá ìtàn, a óò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Igbó Ìdáàṣà fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn lásìkò ọdún, nígbà tí àwọn ìdílé bá ń tún ilé ṣe, tí wọ́n sì ń gbé ẹrù àwọn ìyá àgbà jáde: ìkòkò amọ̀, igbá fínfín, ẹní, ìrànwú, aṣọ òfì. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ẹrù àtijọ́ lásán ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 350 ọdún tí àwọn ará òkè òkun ti ń wá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri, tí wọ́n ń kó o jọ, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ẹyin.

Ọpọ́n Ifá tó dé Ulm

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ lọ ni ọpọ́n Ifá kan tó kúrò ní ìjọba Allada, ní gúúsù Benin òde òní. Ó dé ọwọ́ Christoph Weickmann, oníṣòwò kan ní ìlú Ulm nílẹ̀ Jámánì, ẹni tó fẹ́ràn láti máa kó ohun àràmàǹdà jọ. Ní ọdún 1659, Weickmann tẹ ìwé kan tó to gbogbo ohun tó kó jọ sí. Ọpọ́n náà wà ní Ulm títí di òní, ó sì wà lára iṣẹ́ igi ilẹ̀ Áfíríkà tó pẹ́ jù lọ ní Yúróòpù. Orúkọ ẹni tó gbà á wà nínú ìwé. Orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ẹ kò sí níbẹ̀.

Ogun, ẹrú àti iṣẹ́ ọwọ́

Àwọn ará Ìdáàṣà mọ ogun Dàhòmì dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé sá sí. Àwọn tí ogun kó lọ sí Abomey kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan. Alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà wà nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì di ògo ààfin.

Ọ̀kan nínú wọn ni Akati Ekplékendo, tí ìtàn sọ pé ó jẹ́ ará Doumè, ní agbègbè Savalou, nínú ẹkùn Collines kan náà tí Ìdáàṣà wà lónìí. Wọ́n ní ogun ló kó o dé Abomey. Òun ni wọ́n gbà pé ó rọ ère Ògún tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Gou, ère onírin tó dúró bí ènìyàn, tí orí rẹ̀ kún fún ohun èlò irin. Ní 1894, àwọn Faransé gbé ère náà láti Ouidah lọ sí Paris. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé e sí Louvre. Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ òrìṣà àti orúkọ ọba ni àwọn ènìyàn ń dá mọ́ ère náà, kì í ṣe ti alágbẹ̀dẹ. Ìtàn ẹnu ló pa orúkọ Akati mọ́. Àrọ́bá ló gbà á lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ìrànwú bá ìtẹ́ ọba wọlé

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, Ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Abomey lẹ́yìn tí Ọba Béhanzin ti tiná bọ ààfin. Wọ́n kó ẹrù púpọ̀. Ó pé ọdún 129 kí díẹ̀ tó padà: lẹ́yìn òfin tí Faransé ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ohun 26 gúnlẹ̀ sí Kútọnu ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021.

Gbogbo ènìyàn ló sọ̀rọ̀ nípa ìtẹ́, ère àwọn ọba àti ilẹ̀kùn ààfin. Àwọn tó mẹ́nu kan ìyókù kò pọ̀: òfì ìhunṣọ, ìrànwú, àpò awọ, igbá fínfín, aṣọ ọmọ ogun. Àṣé ìrànwú tí ìyá àgbà fi ń ran òwú lè bá ìtẹ́ ọba wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà, kí ààrẹ orílẹ̀-èdè sì jáde wá pàdé rẹ̀! Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé kó má ṣe jù ú sórí ààtàn, kó má sì tètè tà á fún alájàpá tó ń ra ohun àtijọ́ kiri. Ohun tó bá ti ọ̀nà ọjà jáde lè ṣòro láti dá padà.

Ohun nìkan kò tó

Nígbà tí UNESCO bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, kì í ṣe agọ̀ onígi nìkan ló wò. Orin, ijó, ìlù, aṣọ àti ìmọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ agọ̀ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò. Ẹni tó tọ́jú ìkòkò, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe pò ó, iye ọjọ́ tó fi gbẹ kí wọ́n tó sun ún, ìdajì ló tọ́jú. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ amọ̀kòkò, yóò sì bá a lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá bi í léèrè. Ike ti gba ipò ìkòkò nílé omi. Kò yẹ kó gba ipò ìmọ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ẹgbẹ́ àṣà lè ṣe

Iṣẹ́ yìí kò ní kí á dúró de owó ńlá. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá àgbà, kí wọ́n kọ orúkọ ohun náà sílẹ̀ ní èdè Ìdáàṣà, orúkọ ẹni tó ṣe é, ìdílé tó ni ín, àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Kí ohun náà máa jẹ́ ti ìdílé. Àwòrán àti ìtàn rẹ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ yóò gbà. Ohun orò kò sí nínú èyí: àwọn tó ni wọ́n ló mọ ohun tí ojú lè rí. Bí ilé mẹ́rì bá sì lè yọ̀ǹda yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́, àwọn tó bá fẹ́ yóò rí ibi tí wọ́n lè fi ẹrù wọn pamọ́ sí.

Ulm mọ orúkọ Weickmann, kò mọ ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Kí ọmọ Ìdáàṣà má ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó bí i.