Eré tí Ìwé Àgbáyé kò Gbà

Mímú alùpùpù bá òfin ìdíje mu kò mọ sórí ẹ́ńjìnnì àti táyà nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1956, lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, Johnny Allen, ọmọ Texas, wọ inú alùpùpù gígùn kan tí a bò yíká kí afẹ́fẹ́ má baà fà á sẹ́yìn. Stormy Mangham, awakọ̀ òfuurufú, ni ó kan ara rẹ̀. Jack Wilson ni ó tún ẹ́ńjìnnì Triumph inú rẹ̀ ṣe. Allen sáré lọ, ó sáré bọ̀, nítorí òfin kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ju máìlì 214 lọ ní wákàtí kan.

Àjọ alùpùpù Amẹ́ríkà gbà á. FIM, àjọ àgbáyé, kọ̀ ọ́: aṣojú tí àwọn fọwọ́ sí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ipò ọ̀gá kù sọ́wọ́ Wilhelm Herz, ará Jámánì, tí ó ti sá máìlì 210 àti díẹ̀ lórí iyọ̀ kan náà ní oṣù kẹjọ. Èmi kò lè dá FIM lẹ́bi tán. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó yẹ kí a fi wọn ará Texas àti ará Jámánì. Síbẹ̀, ó dùn mí fún Allen.

Triumph ní tirẹ̀ kò gbà. Alùpùpù tí ó gbé jáde fún ọdún 1959, Bonneville ni ó sọ ọ́.