Ọkọ̀ Jíìpù ní Agbègbè Upenmen: Láti Irinṣẹ́ Ìjọba dé Ohun Ọlá

Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn ọkọ̀ jíìpù ní agbègbè Upenmen, tí ó bọ́ sí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ àti ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ wò, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di kò-ṣeé-mánìí kí owó àti ọlá tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí ènìyàn bá gba Ìpele lọ sí Ìdóànì àti Ìmẹ̀rì, òkè àti àpáta ni yóò máa rí. Bí ó bá dorí kọ Ìfọ́n àti Òkèlúsè, igbó ni, pẹ̀lú odò Ọ̀sẹ́ tí wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ lórúkọ. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a máa bo ewé kòkó lẹ́bàá ọ̀nà. Bí òjò bá sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a di ẹrẹ̀ tí táyà ń yí lójú kan nínú rẹ̀ láìkúrò níbẹ̀. Fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ọkọ̀ jíìpù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan bàtà òun ni ó bọ́ sí nígbẹ̀yìn.

Kí ọkọ̀ tó dé, ẹṣin ni ohun ìgùn ọlọ́lá ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó, nítorí ìrù, ìyẹn eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń kó àrùn ran ẹran ọ̀sìn. Láti ilẹ̀ ọ̀dàn ní òkè àríwá ni àwọn oníṣòwò ti ń dà á wá, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á, débi pé ní Ọ̀wọ̀ àti ní Benin, àwọn ìlú méjì tí àṣà wọn ti wọnú ara wọn tipẹ́, ẹni tí ó bá gun ẹṣin ti fi hàn pé òun ní owó tí òun lè pàdánù. Kò sí àgbẹ̀ tí ó nílò ẹṣin láti dé oko nínú igbó. Iyì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rà á. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ iyì yìí kan náà ni yóò tún jẹyọ nígbà tí ìtàn bá dé orí ọkọ̀ olówó ńlá. 

Ní ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò àti ẹrù láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe fún un. Ó pẹ́ kí ọ̀nà mọ́tò tó dé ìhà Ọ̀wọ̀. Ajẹ́lẹ̀, ìyẹn òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe alákòóso àgbègbè kan, ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́, tí àwọn aláàárù yóò sì máa ru àgọ́, àga àti oúnjẹ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀nà tí wọ́n là nígbà tí ó yá, ọkọ́ àti àdá àwọn ará ìlú ni wọ́n fi là á, láti ẹnu àṣẹ ọba àti ìjòyè. Kòkó àti gẹdú ni wọ́n sọ ọ̀nà náà di ọ̀nà owó, nítorí wọ́n mú ọkọ̀ akẹ́rù onípákó, tí gbogbo ayé mọ̀ sí bọ́lẹ́kájà, dé ìletò tí kò mọ mọ́tò rí. Síbẹ̀, bọ́lẹ́kájà kì í lọ síbi gbogbo, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀, ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ ni yóò dúró sí, tí àwọn èrò yóò sọ̀kalẹ̀ tì í.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó bí ọkọ̀ tí ó lè kọjá ibẹ̀. Láti ọdún 1941 ni ilé-iṣẹ́ Willys ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe jíìpù fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ogun sì parí, Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Rover, ń lo ọ̀kan nínú àwọn àlòkù wọn ní oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey ní Wales, ó sì rí i pé ilé-iṣẹ́ òun náà lè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han ayé ní Amsterdam. Irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lákòókò náà, nítorí náà álúmínìọ́mù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Ìṣòro wọn di àǹfààní ilẹ̀ igbó, nítorí pé ọ̀rinrin tí ń jẹ irin ní Ìfọ́n kò rí ara ọkọ̀ yìí jẹ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi-ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí í ṣe férémù tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, irin ni, a sì máa dípẹtà.

Agbára rẹ̀ wà nínú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń pín iṣẹ́. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì rì sínú ẹrẹ̀, ìyẹn náà ni yóò máa yí lásán, tí èkejì tí ó wà lórí ilẹ̀ líle kò ní rí agbára gbà. Jíìpù lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní jíà kékeré kan tí ń mú kí ọkọ̀ rọra rìn pẹ̀lú agbára púpọ̀, kí ó lè gun òkè tàbí fa ara rẹ̀ jáde nínú kòtò. Nínú Land Rover ayé àtijọ́, ọwọ́ kékeré méjì ni dírẹ́bà ń lò fún iṣẹ́ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ jíà gangan: èyí tí orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú ni yóò tẹ̀ sísàlẹ̀ kí táyà iwájú lè dára pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn, èyí tí orí rẹ̀ pupa fòò ni yóò fà sẹ́yìn tí ó bá fẹ́ lo jíà kékeré. Dírẹ́bà tí kò bá mọ ọwọ́ wọ̀nyí í lò, nínú ẹrẹ̀ ni yóò sùn, ìdí sì nìyí tí wọn kì í fi ọkọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni tí ó kàn mọ mọ́tò wà.

Ìjọba ni oníbàárà àkọ́kọ́. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, Land Rover di ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ bí irú èyí tí ó wà láàárín Ìpele àti Ìdóànì, àti ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ń yẹ àrùn kòkó wò, ti ọlọ́pàá, àti ti oníṣègùn tí ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìró rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí abúlé múra, nítorí pé ẹni tí ó gùn ún wá, ó wá béèrè nǹkan ni: owó orí, ìwé àṣẹ gẹdú, tàbí afurasí kan. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé kò sí olówó ìlú tí ń ṣe ìlara ọkọ̀ yìí. Ìjókòó rẹ̀ le, ooru kún inú rẹ̀, sípíríìnì rẹ̀ sì ń ju ènìyàn sókè. Ọkọ̀ àṣẹ ni, kì í ṣe ọkọ̀ fàájì.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà tún fi ojú àṣẹ ọkọ̀ yìí hàn, nítorí pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967 tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Orè, ọkọ̀ ológun di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ní gbogbo ìhà ibẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn Land Rover tí ọwọ́ ìdarí wọn wà ní apá ọ̀tún kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n dírẹ́bà tí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ gẹdú sílẹ̀ níláti gbójú lé ẹni tí ó jókòó ní apá òsì kí ó tó mọ̀ bóyá ọ̀nà já. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn ń to Land Rover pọ̀ ní ilẹ̀ yìí.

Ní àkókò tí epo rọ̀bì mú owó wá, tí owó Údójì ọdún 1974 sì fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ tí ọkàn àwọn ènìyàn fà sí ni Peugeot àti Mercedes, pàápàá Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ọyẹ́. Àpẹẹrẹ kan láti Ọ̀wọ̀ ni Michael Adékúnlé Ajáṣin, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 sí 1983, ẹni tí ó ṣàlàyé lẹ́yìn tí ó kúrò lórí oyè pé ọkọ̀ méjì tí òun ní nígbà tí òun wọlé ni Mercedes kan àti Peugeot 404 kan. Kò sí jíìpù níbẹ̀. Ní àkókò náà, gómìnà kò nílò ọkọ̀ gíga kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n sí gómìnà.

Ilẹ̀ òkèèrè ni àyípadà ti wá. Ní ọdún 1970 ni ilé-iṣẹ́ Rover gbé Range Rover jáde, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba agbára nígbà gbogbo, tí sípíríìnì rẹ̀ sì rọ̀. Ṣùgbọ́n inú àwọn àkọ́kọ́ kò ju rọ́bà àti ike lọ, tí àgbẹ̀ lè bu omi fọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni awọ àti kápẹ́ẹ̀tì tó wọ inú rẹ̀. Mercedes gbé G-Wagon tirẹ̀ jáde ní 1979, wọ́n sì ń ṣe é ní Graz ní ilẹ̀ Austria. Toyota ní tirẹ̀, tí ó ti ń fi orúkọ Land Cruiser ta ọkọ̀ láti ọdún 1954, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrọ̀rùn kún agbára, ó sì jèrè ọkàn àwọn ará Áfíríkà nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í tètè dákú. Ní Nàìjíríà, ètò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 tí ó mú kí náírà já wálẹ̀ gbé ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, sì gbòde. Nínú tòkunbọ̀ ni Pajero, Prado àti Range ti wọ ìlú kéékèèké. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà tí wọ́n ti ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lu, kòtò sì gba títì láti Ọ̀wọ̀ lọ sí ìhà Benin, ó sì wá jẹ́ pé lórí ọ̀nà ọ̀dà gan-an ni ènìyàn ti nílò ọkọ̀ gíga.

Èyí ni kókó ìtàn náà. Bí ọ̀nà bá dára, Mẹ̀sí tó. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹni tí ó ní jíìpù nìkan ni kò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹni náà sì ni ẹni tí ó yẹ kí ó tún ọ̀nà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 2023, nígbà tí ará ìlú bínú sí àwọn aṣòfin àgbà nítorí Land Cruiser tí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ju mílíọ̀nù 160 náírà lọ, ara àwíjàre tí ó jáde láti ilé ìgbìmọ̀ náà ni pé ọ̀nà Nàìjíríà kò dára. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òótọ́ náà sì lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Títọ́jú jíìpù kò rọrùn. Àwọn mẹkáníìkì tí ó kọ́ iṣẹ́ lórí Land Rover àtijọ́ lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú sípánà àti òòlù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun, tí kọ̀ǹpútà ń darí, ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò ka àrùn rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ọ̀pọ̀ olówó sì níláti wọ́ tirẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Benin. Owó ibodè orí ọkọ̀ tuntun tí ìjọba gbé dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ ètò ọdún 2013, àti òfin tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2017, mú iye owó jíìpù ga sí i. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ di ohun tí ènìyàn ń ro owó rẹ̀ kí ó tó tan án.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún yí ìtumọ̀ jíìpù padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéuṣì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka nígbà tí ó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ó sì hàn gbangba pé ipò gíga kò gba ènìyàn lórí ọ̀nà náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ kan ti ń fi jíìpù sílé bí wọ́n bá ń rin ìrìn àjò, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ kékeré tí ojú kì í kọ, nítorí pé ọkọ̀ tí ń kéde owó lè pe ajínigbé. Ọkọ̀ tí ó wá gba iṣẹ́ àṣẹ ni Hilux ti Amọ̀tẹ́kùn, ẹgbẹ́ ààbò tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn Gúúsù dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, nígbà tí Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, jẹ́ alága wọn.

Ní ti oko, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n dá jíìpù fún ṣì wà, ṣùgbọ́n jíìpù kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀kadà ni ó gba ipa ọ̀nà tí Land Rover ìjọba ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Òun ni ó ń gbé àpò kòkó méjì àti olóko kan kọjá lórí afárá onígi, tí ẹni tí ó ń wà á á sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ bá jinlẹ̀, bí jíìpù ti ń dúró de ẹni tí ó ni ín ní ojú títì.