Wáyà Méjì Rẹwáyà Kò Tíì Di Ohun Àtijọ́

Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́ Festac Town sílẹ̀ de àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, bí bátìrì ọkọ̀ bá kú, àwọn èèyàn á tì í, tàbí kí rẹwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, gbé bátìrì mìíràn wá, kó fi wáyà méjì so wọ́n pọ̀. Ní báyìí tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀, ìyẹn háíbíríìdì, ti dé Amuwo-Odofin l'Ékòó, níbi tí Festac wà, àwọn kan ní iṣẹ́ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1997 tí Toyota ti gbé Prius jáde ní Japan ni bátìrì fóòtì 12 ti wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà: kì í yí ẹ́ńjìnì mọ́, kọ̀ǹpútà ló ń jí, kí ìyẹn tó lè ṣí ọ̀nà fún iná bátìrì ńlá. Bí bátìrì kékeré fóòtì 12 yìí bá kú, ńlá ì báà kún, ọkọ̀ kò ní mira; ìwọ̀nba iná díẹ̀ láti ìta sì ti tó o.

Wọ́n á ní iná inú rẹ̀ ń pani. Òótọ́ ni, bátìrì ńlá Prius ju fóòtì 200 lọ. Àmọ́ wáyà aláwọ̀ ọsàn ló ń gbé e, iṣẹ́ yìí kò sì kan wáyà ọ̀hún rárá. Nínú Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2015, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bátìrì kékeré wà, ṣùgbọ́n ojú ìso kan wà nínú àpótí fíúùsì níwájú: ṣí ìdérí pupa, kí wáyà pupa lọ síbẹ̀, kí dúdú di irin tí kò ní ọ̀dà mú. Pípààrọ̀ wáyà ni mo bẹ̀rù. Bí pupa bá gba ipò dúdú, ó lè kọjá fíúùsì, kó ba íńfátà olówó ńlá tó ń yí iná bátìrì ńlá padà jẹ́.