Nígbà Tí Ìwé Kò Bá Wọ Orí Mọ́

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan ilé púpọ̀ ní Ìbàdàn. Ọmọ tí ó ń gbé ní Agbowó, tí ó ń lọ sí Yunifásítì lójoojúmọ́, tí ó tún ń lọ sí ilé kéwú lópin ọ̀sẹ̀, lè dé ìgbà kan tí yóò ka ojú ewé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ohunkóhun kò ní wọlé. Ẹni tí ó ń há Àlùkùráánì ní Challenge lè rí i pé ohun tí òun fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti ń sú òun. Bí ó bá sọ ọ́ nílé, ẹnì kan á ní ọ̀lẹ ni. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń bá a jà. Ẹnì kẹta á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Kí ẹ tó gba ọ̀kan nínú wọn gbọ́, ẹ jẹ́ kí á yẹ ìtàn wò.

Ohun tí dókítà rí ní Àró

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira Nàìjíríà, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Àró, Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Dókítà Adeoye Lambo, ẹni tí ó padà wá jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn láàárín àwọn ará abúlé. Prince ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ìráhùn kan náà: orí ń ta wọ́n, ó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń dùn wọ́n, wọ́n ń kàwé kò yé wọn, èyí tí ó sì yé wọn kì í dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Ní 1960, Prince kọ ọ́ jáde fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ló fà á? Prince ní ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó, tí kálukú ń dá jókòó ti ìwé rẹ̀, kò bá bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà láàárín èrò mu. Ẹrù ẹbí tún wà níbẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé dáwó jọ rán níṣẹ́, ojú gbogbo wọn sì ń bẹ lára rẹ̀. Ní 1980, Dókítà Morakinyo fi kún un pé àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti lé oorun lọ, wà lára ohun tó ń dá a sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àìsàn aláwọ̀ dúdú ni. Àwọn ará Ìlú Ọba ti ń lo orúkọ yìí kan náà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àwọn tí iṣẹ́ ọpọlọ ti dá lágara. Lónìí, àwọn dókítà kì í sábà lo orúkọ náà mọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ náà kò tíì kúrò láàárín wa.

Ó mú Imam al-Ghazali náà

Ní 1091, wọ́n fi al-Ghazali ṣe olùkọ́ àgbà ní Nizamiyya, ilé ẹ̀kọ́ ńlá ìlú Baghdad. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó níwájú rẹ̀ sì tó ọ̀ọ́dúnrún. Ní 1095, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Àwọn oníṣègùn ní láti inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá.

Ti al-Ghazali ju kí ìwé kan súni lọ. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òkìkí ló pọ̀ jù nínú ohun tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. Ó fi ipò sílẹ̀, ó lọ sí Damascus, ó dé Jerusalem, ó sì ṣe Hájì. Láàárín àwọn ọdún ìsinmi yẹn ló kọ Ihya, ìwé tí àwọn áfáà wa ń kà títí di òní. Ní 1106, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Nishapur. Ẹ kíyè sí i: ìmọ̀ kò sá lọ nígbà tí ó sinmi.

Bí àwọn ẹni ìṣáájú ṣe ń ṣọ́ra

Abdullah ọmọ Mas'ud máa ń ṣe wáàsí ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnì kan ní kí ó máa ṣe é lójoojúmọ́. Ó kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ó sú wọn, àti pé bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ṣe ń yan àkókò fún àwọn náà.

Abdullah ọmọ Amr fẹ́ máa ka Àlùkùráánì tán lóru kan. Ànábì ní kí ó fi oṣù kan kà á. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí Ànábì fi dín ọjọ́ náà kù fún un. Nígbà tí ó darúgbó tí agbára kò sí mọ́, ó ní ìbá dára ká ní òun ti gba ìrọ̀rùn yẹn.

Ilé kéwú àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá náà mọ èyí. Ìwọ̀nba tí wàláà lè gbà ni ọmọ ń kọ́. Kò sí fífọ wàláà títí ohun tó wà lára rẹ̀ yóò fi yanjú lẹ́nu rẹ̀, ohùn òun àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń jáde pọ̀ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni, kò sì dá nìkan wà.

Kí ni kí o ṣe?

Ìwọ ọ̀dọ́, sùn. Obì, kọfí àti ohun mímu inú agolo kò lè rọ́pò oorun. Dín ìwé kù, má pa á tì: bí o ti ń ka ojú ewé mẹ́wàá, ka méjì. Wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa kà á sókè. Bi ara rẹ léèrè pé nítorí ta ni o ṣe ń kàwé. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí orí ṣì ń ta ọ́, tí oorun kò wá, tàbí tí ayé sú ọ, lọ rí dókítà, ní UCH tàbí níbòmíràn. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra ìsọ̀yè, kí ẹ tó fi ọmọ wé ọmọ aládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ bi í pé wákàtí mélòó ló sùn lánàá. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ kí èsì ìdánwò tó jáde. Ọmọ tí ẹrù gbogbo ẹbí wà lórí rẹ̀ nílò ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kí Ó fún àwọn ọmọ wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti kọ́ ọ. Àmín.