Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ̀kọ́ Lára Àjọ Agbowó-Orí Gúúsù Áfíríkà

Oníṣòwò tó ń gbé ní Fourways, ní ìhà àríwá ìlú Johannesburg, lè jókòó sí ilé rẹ̀ lónìí kí ó sì fi kọ̀ǹpútà parí ọ̀rọ̀ owó-orí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba. Ìrọ̀rùn yìí kò ṣàdédé wáyé. Ìtàn SARS, àjọ agbowó-orí Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé aṣáájú ni ó ń mú kí ẹ̀rọ wúlò, aṣáájú ni ó sì lè sọ ọ́ di aláìwúlò.

Òfin ọdún 1997 ni ó dá àjọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ tó dá dúró. Pravin Gordhan ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ láti 1999 títí di 2009. Ní àsìkò rẹ̀ ni ètò eFiling bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2007, àjọ náà dáwọ́ lé àtúnṣe ńlá sí ẹ̀rọ àti sí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀.

Tom Moyane gba ipò náà ní oṣù kẹsàn-án, 2014. Kò pẹ́ tí ó fi dá àtúnṣe náà dúró, tí ó sì fi ìmọ̀ràn ilé-iṣẹ́ Bain tún àjọ náà tò. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Robert Nugent darí ní 2018 rí i pé nǹkan bí 200 ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni ìtúntò náà ṣí kúrò ní ipò wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá ara wọn ní ipò tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ni a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí àìsàn tilẹ̀ wà lára àjọ náà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Wọ́n yọ Moyane nípò ní oṣù kọkànlá, 2018. Edward Kieswetter, ẹni tó ti ṣe igbákejì fún Gordhan rí, gba ipò náà ní oṣù karùn-ún, 2019. Ní 2020, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣírò owó-orí wọn láti inú àkọsílẹ̀ tí báńkì àti agbanisíṣẹ́ fi ránṣẹ́. Tiwọn kò ju kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó-orí yìí ni a fi ń sanwó olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ tún ilé-iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ibẹ̀, kí ó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì gbà pé àwọn mìíràn lè bi òun léèrè. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà lọ́jà. Ìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ kò ṣeé rà.